Fẹ́ǹsì ọ̀yà lóko bàbá wa: ibi tí iṣẹ́ dé

Oṣù Kẹta, òjò ò tíì dúró dáadáa

Àwọn tó ń béèrè ibi tí fẹ́ǹsì ọ̀yà dé, ẹ wá gbọ́ o. Ọdún yìí ni mo fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀yà lóko bàbá wa lẹ́yìn Ìgbòho, kì í ṣe pé mo fẹ́ pa wọ́n tán, ta ló lè pa ọ̀yà tán, abo kan á lóyún fún bí oṣù márùn-ún, á bí bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Mo kàn fẹ́ kí àgbàdo tá a gbìn jẹ́ tiwa ni. Olùkọ́ ni mí, Sátidé àti họ́lidé ni mo fi ń ṣe eléyìí, àmọ́ kò sí nǹkan tó ń dùn mọ́ mi tó o, kí n máa gé nǹkan, kí n máa kàn án, kí n tún máa wo ẹranko bó ṣe ń ṣe. Bàbá ló loko, àbúrò mi ló ń gbé ibẹ̀, fẹ́ǹsì ni tèmi.

Apá odò ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, ẹ máa mọ̀ pé kì í ṣe màálù. Màálù á tẹ oko mọ́lẹ̀, á fa ewé ya, ṣùgbọ́n ọ̀yà máa ń fi eyín gé pòròpórò nísàlẹ̀ ni, ojú ibi tó gé máa dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá gé e kélekèle, á jẹ èyí tó wù ú, á fi ìyókù sílẹ̀ káàkiri. Eyín iwájú ẹ̀ yẹn láwọ̀ ọsàn, ó sì le. Mo kúnlẹ̀ wo ojú ọ̀nà wọn nínú èèsún, ihò róbótó ni, koríko ti tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ilẹ̀ inú ẹ̀ mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, torí ibì kan náà ni wọ́n ń gbà lálaalẹ́. Ibi tí mo ti rí i nìyẹn pé fẹ́ǹsì máa ṣiṣẹ́. Ẹranko tó bá ti lójú ọ̀nà tó ń tọ̀, èèyàn lè dúró dè é níbẹ̀.

Ẹnì kan lábúlé kejì ní kí n kàn po oògùn kòkòrò mọ́ ẹ̀gẹ́ kí n dà á síbẹ̀. Mo ní rárá, mi ò sì ní gbà á láéláé. Ọ̀yà tó bá jẹ ẹ́ lè má kú síbẹ̀, ó lè rìn dé oko ẹlòmíì kó tó ṣubú, ọmọ kan á rí i he, ó di ẹ̀bá títì, ẹ sì mọ bí ẹran ọ̀yà ṣe ń tà lójú títì, ẹni tó ń rà á ò ní béèrè ohun tó pa á. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan yín pé tẹ́ ẹ bá ti yan án lórí iná, ó ti parí. Ọdún 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n má ṣe ìgò kékeré oògùn kòkòrò dichlorvos tó jẹ́ mílílítà 100 mọ́, torí ẹ̀mí tó ń ti ibẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń dà á sórí oúnjẹ kí wọ́n lè fi pa ẹran tí ọmọlọ́mọ máa jẹ. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko, ẹ má ṣe é.

Oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tá a gbìn

Fẹ́ǹsì ò tíì dé ìdajì, ikún àti àparò ti gba iwájú. Àwọn yẹn ò dúró de kí àgbàdo hù, wọ́n ń tọ ojú ebè lọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń hú irúgbìn jáde. Fún àparò, a na téèpù kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ láti òpó dé òpó, kásẹ́ẹ̀tì wáàsí tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mọ́. Ẹ lọ́ ọ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó so ó, kó lè máa yí, tí atẹ́gùn bá ti kọ lù ú, á máa dún hùùù, oòrùn á sì máa tàn lára ẹ̀. Àwọn ẹyẹ sá. Ikún ò tiẹ̀ gbọ́, ẹ mọ̀ pé wọ́n ní ikún etí di. Ọ̀rọ̀ ti ikún, ìjókòó tì í ni. Àwọn ọmọ àbúrò mi wà ní họ́lidé Easter, wọ́n ń ṣọ́ oko láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ títí ewé fi yọ, tí ewé bá ti yọ tó gbilẹ̀ báyìí, ikún ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ mọ́. A tún èyí tí wọ́n hú gbìn, a rì í wọlẹ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Oṣù Karùn-ún

Fẹ́ǹsì ti yí oko ká! Páànù tá a ṣí lórí ilé àtijọ́ ni mo lò, àwọn tó ti dípẹtà ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì lu. Mo dà wọ́n dùbúlẹ̀, kì í ṣe òró, kí wọ́n ga tó ìbàdí mi, mo wá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí etí ìsàlẹ̀ lè wọlé tó nǹkan bí ìbú ọwọ́. Igi ìyeyè ni òpó, torí ìyeyè tẹ́ ẹ bá gé tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò á tún hù ni, ikán ò ní rí i jẹ bó ṣe máa jẹ igi gbígbẹ. Ẹ kan ìṣó gba àárín ìbòrí páànù méjì, kẹ́ ẹ sì tẹ orí ìṣó dáadáa, etí páànù mú o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń fojú fò ni ìta fẹ́ǹsì. Ọ̀yà ò fẹ́ràn gbalasa, inú koríko ló ti ń rí ààbò, nítorí náà a ro ìta yẹn yíká tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, èèsún, ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀. Àdá àti ọkọ́ la fi ṣe é. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣáná sí i rárá, iná tí wọ́n ń dá láti lé ọ̀yà jáde ló máa ń jó oko káṣú àti oko iṣu oníṣu.

Bàbá wá wo iṣẹ́, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n fi àyè sílẹ̀ síbi tí ojú ọ̀nà wọn ti wà tẹ́lẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ṣé kí wọ́n tún lè wọlé ni?” Wọ́n ní, “Tó ò bá fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún un, gbogbo ara fẹ́ǹsì ló máa dán wò. Fún un lẹ́nu ọ̀nà, kó o wá dẹ ẹbìtì síbẹ̀.” Àwọn fúnra wọn ló dẹ ẹ́, igi wúwo tó ní òkúta lórí, igi kékeré kan tó gbé e dúró, ẹ̀gẹ́ lábẹ́. Mo fẹ́ràn ẹbìtì ju tàkúté onírin lọ, torí tó bá já, ó ti parí nìyẹn, ẹran ò ní máa jìyà mọ́jú, kò sì sí eyín irin tó máa mú ẹsẹ̀ ọmọdé. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹbìtì tí ò peku, kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn. Ó sì pa. Ọ̀yà ńlá kan, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán, ọkàn wa sì balẹ̀ torí a mọ ohun tó pa á.

Oṣù Keje, àgbàdo ti ń gbó

Ọ̀yà ò jẹ wá níyà mọ́. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti wọlé, apá odò níbi tí àgbàrá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ páànù. Odò ò dí wọn lọ́wọ́, ọ̀yà mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. A to òkúta síbẹ̀, a tún fi iyẹ̀pẹ̀ dí i.

Ìjímèrè ló kù. Igbó Old Oyo National Park ò jìnnà sí wa, kìlómítà níbùú lóròó 2,512 ni, ẹ ò lè retí pé kí ìjímèrè jókòó síbẹ̀ kó máa wo àgbàdo tútù. Páànù ò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn, wọ́n á fò ó ni. Ọ̀kan á gun orí ọ̀gán, á máa ṣọ́nà, àwọn tó kù á wọlé, tó bá ti rí èèyàn á ké, gbogbo wọn á tú ká. Ẹ má ronú pé ẹ máa lé wọn bá, nínú gbogbo ẹ̀yà ọ̀bọ kò sí èyí tó lè sáré tó wọn, wọ́n lè tó kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Ajá ni wọ́n ń sá fún. Ìjímèrè tó lóun ò ní sá fájá, ojú ajá ni ò tíì tó o. A yá ajá ọdẹ méjì lọ́wọ́ bàbá ọdẹ àdúgbò, a so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán yẹn gan-an láti ìdájí. Ẹni tó ń ṣọ́nà ò ríbi dúró mọ́, àwọn tó kù ò sì ní wọ oko tí ẹnì kan ò bá ṣọ́nà fún wọn. Wọ́n ṣì ń wá wò wá láti òdìkejì odò o, àmọ́ a ti ń ya àgbàdo wa, a ti sè, a ti sun, a ti kó lọ sọ́jà.

Ohun tó kù báyìí ni lápálápá. Páànù yẹn máa jẹrà lọ́jọ́ kan, nítorí náà mo fẹ́ gbin lápálápá tò tẹ̀ lé e nínú, ẹran kì í jẹ ẹ́, tá a bá gbìn ín súnmọ́ra, á di ọgbà fúnra ẹ̀. Àbúrò mi ti ń gé ẹ̀ka ẹ̀ jọ sábẹ́ igi. Ẹni tó bá ti gbìn ín rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fi àyè sáàárín ọ̀kan sí èkejì kí ọ̀yà má bàa gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ kọjá?