Mo Lọ Wá Àbúrò Sindy ní Kempton

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, àti ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá kẹ́yìn oṣù, wọ́n máa ń ná ọjà ohun àtijọ́ ní pápá eré ẹṣin Kempton, ní apá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Aago 6:30 ìdájí ni wọ́n ń ṣí i, àwọn àtẹ tó wà níbẹ̀ sì lé ní 700, débi pé ẹni tó bá dé ní aago mẹ́sàn-án yóò kàn bá ohun tí àwọn tó tètè jí ti ṣà kù ni. Ìdí nìyí tí mo fi kúrò nílé ní Peckham nínú òtútù oṣù Èrèlé, nígbà tí ojúmọ́ kò tíì mọ́ rárá, tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Clapham Junction, tí mo sì ti ibẹ̀ wọ èyí tó ń lọ sí Shepperton. Mo fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, àti pọ́n-ùn 60 sínú àpò. Ohun tí mo ń wá kò ju nǹkan bí íǹṣì mẹ́sàn-án lọ ní gíga. Ọmọláńgidi ni, Patch ni orúkọ rẹ̀, àbúrò Sindy, ọmọláńgidi ọmọge ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ni.

Ó yẹ kí n sọ bí ọmọláńgidi ṣe di ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nílé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn òbí wa ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1960 sí 1969, wọ́n sì ṣe bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń kàwé níbẹ̀ nígbà náà ti ṣe: nígbà tí iṣẹ́ alẹ́, ẹ̀kọ́ ọ̀sán àti yàrá kan ṣoṣo kò jẹ́ kí wọ́n lè tọ́jú ọmọ, wọ́n gbé e fún obìnrin òyìnbó kan pé kó bá wọn tọ́ ọ. Nínú ìwé ìròyìn Nursery World ni ọ̀pọ̀ irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ti máa ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Hastings, létí òkun, ni wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń pè ní Àǹtí mi, lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí tí bàbá wa fi parí ẹ̀kọ́ òfin. Nígbà Kérésìmesì ọdún 1967, màmá tó ń tọ́ ọ ra Sindy fún un, ó sì ra Patch tì í. Nígbà tí wọ́n wá mú Àǹtí mi padà lọ sí Ìbàdàn ní 1969, Sindy bá a wọ ọkọ̀ òkun, ṣùgbọ́n Patch ṣẹ́ kù sábẹ́ ibùsùn ní Hastings.

Sindy yẹn ni mo bá nílé wa ní Òkè-Àdó nígbà tí mo dáyé. Orí rẹ̀ ti pá ní iwájú, nítorí pé Àǹtí mi ti fi òwú dì í ní ìdì tó le, irun ọ̀rá tí wọ́n fi ẹ̀rọ gún mọ́ rọ́bà kò sì lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé e sún mọ́ ojú, yóò rí àwọn ihò kéékèèké tí irun náà ti fà yọ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ebè. Èmi ni mo jogún rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni kíkó ọmọláńgidi jọ ti wọ̀ mí lẹ́wù, mo sì ti ní mọ́kànlélógún nísinsìnyí, ṣùgbọ́n n kò ní Patch kankan.

Bí ọkọ̀ ti ń lọ láàárín Wimbledon àti Kingston ni mo tún ń ro ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò wọ̀nyí. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé Barbie ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, òótọ́ sì ni pé 1959 ni iléeṣẹ́ Mattel gbé Barbie jáde ní New York, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ní àbúrò. Ní 1962 ni iléeṣẹ́ Ideal gbé Tammy jáde, ọmọge tí ara rẹ̀ dà bí ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kò sì ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi fún un ní ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò kan tó ń jẹ́ Pepper. Mattel rí i pé agboolé ń pa owó. Àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà sì ń bèèrè pé kí Barbie di ìyá ọmọ, ohun tí Ruth Handler tó dá a sílẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ sétí. Bí Skipper ṣe dé ní 1964 nìyẹn: wọ́n ní kó bímọ, wọ́n bá wá àbúrò fún un. Inú mi máa ń dùn sí ọgbọ́n yẹn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán Tammy ni iléeṣẹ́ Pedigree wò tí wọ́n fi ṣe Sindy ní 1963, Patch sì tẹ̀ lé e ní 1966. Sindy tà débi pé òun ni ohun ìṣeré tó tà jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà ní 1968 àti ní 1970. Ti àbúrò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ló ra ẹ̀gbọ́n tí wọn kò ra àbúrò, ìdí nìyẹn tí Sindy fi wà lórí àtẹ mẹ́wàá kí ènìyàn tó rí Patch kan.

Òkùnkùn ṣì wà nígbà tí mo dé. Àwọn tó ń tajà ń já ẹrù sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn oníbàárà sì ti ń na tọ́ọ̀ṣì sínú páálí tí wọn kò tíì tú. Ọkùnrin kan pè mí pé òun ní Patch. Mo gbé e, ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ike ara rẹ̀ le bí ike ìgò omi, wọ́n sì kọ Hong Kong sí i lẹ́yìn gàdàgbà. Ayédèrú ọjọ́un ni, ó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún bí ojúlówó ṣe tó o, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Mo dúpẹ́, mo kọjá.

Lórí àtẹ kejì ni mo ti rí Skipper gidi. Aṣọ ìwẹ̀ onílà pupa àti funfun tó bá a jáde ní 1964 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà pupa kan sì kù lára méjì. Obìnrin tó ń tà á sọ pé ti 1963 ni, nítorí pé 1963 ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Èyí ni àṣìṣe tó ń ba owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọmọláńgidi jọ jẹ́ jù: ọdún tó wà lára ọmọláńgidi Mattel jẹ́ ọdún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ orí àwòṣe náà, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Àìmọye Barbie ló wà tí wọ́n kọ 1966 sí lẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe wọ́n. Orúkọ ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn wò. Japan ni ti àwọn àkọ́kọ́. Èmi gan-an ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí rí lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó tún wá jẹ́ pé orí Barbie kan ni wọ́n fi sórí ara Barbie mìíràn. Pọ́n-ùn 95 ni obìnrin náà pe Skipper. Mo gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Aago mẹ́jọ ti ń lù lọ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó gbé agolo bisikíìtì ka ilẹ̀, tí òwú, bọ́tìnnì àti ṣíbí tó ti dípẹtà kún inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló yọ síta láàárín wọn. Mo fà á. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí ẹnì kan fi ọwọ́ hun wà lọ́rùn ọmọláńgidi náà, ọ̀kan nínú apá súwẹ́tà náà gùn ju èkejì lọ, ojú ọmọláńgidi náà rí róbótó, àwọn àmì wẹ́wẹ́ sì wà lórí imú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wọ́n ata gígún sí i. Patch ni. Ọkàn mi lù kìkì, ṣùgbọ́n mo fajú ro, nítorí ọmọ ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ ni mí.

Mo bọ́ súwẹ́tà náà kúrò. Mo kọ́kọ́ wo ọrùn, nítorí ibẹ̀ ni rọ́bà ti máa ń ya, kò ya. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí etí bóyá ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ gún un ní yẹtí, nítorí pé irin abẹ́rẹ́ máa ń sọ rọ́bà di àwọ̀ ewé, àbàwọ́n náà kì í sì í lọ. Àwọn Barbie àkọ́kọ́ tó ní yẹtí ló mọ ìyà yẹn jù. Mo fi ìka fa ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ó ń lẹ̀, nítorí òróró tí wọ́n fi ń jẹ́ kí rọ́bà dẹ̀ máa ń tú jáde tó bá pẹ́; ó lẹ̀ díẹ̀, kò burú. Ẹnì kan ti gé irun rẹ̀ ní iwájú, bóyá ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní 1970. Ìyá náà ní pọ́n-ùn 40. Mo ní 25. Ó pè mí ní olólùfẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń pe gbogbo ayé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ti àbúrò òun tó ti kú ni. Ẹnu mi kò tún gba ìdúnàá-dúrà mọ́, mo san 35, ó sì fi bébà ìròyìn wé e fún mi.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo sọ̀ ní Wimbledon, mo wọ tíráàmù dé Morden Road, nítorí Merton níbẹ̀ ni Lines Bros kọ́ iléeṣẹ́ ńlá wọn sí, iléeṣẹ́ tí Pedigree jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ló dá a sílẹ̀ ní 1919, àárín wọn ni orúkọ ọjà wọn, Tri-ang, sì ti wá, nítorí pé Lines, orúkọ ìdílé wọn, túmọ̀ sí ìlà, ìlà mẹ́ta ló sì ń di igun mẹ́ta (triangle). Ó wà lára iléeṣẹ́ ohun ìṣeré tó tóbi jù ní ayé nígbà kan. Ní 1971 ó dojú dé. Ilé ìkẹ́rùsí àti ọkọ̀ akẹ́rù ni mo rí níbẹ̀, n kò sì pẹ́.

Mo jókòó sí ibùdókọ̀ tíráàmù, mo sì pe Àǹtí mi ní Ìbàdàn lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Mo tú bébà náà.

"Ẹ wò ó, Àǹtí mi."

Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè. Mo gbé e. Wọ́n ní ajá ilé Hastings ti gé ọmọ ìka tiwọn jẹ, àpá eyín sì wà lára gìgísẹ̀. Mo yí ẹsẹ̀ náà síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, ó dán láìní àpá.

"Kì í ṣe òun," ni wọ́n wí. Wọ́n bèèrè iye tí mo rà á, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí náírà, wọ́n kígbe. Lẹ́yìn náà wọ́n tún sún ojú mọ́ fóònù.

"Ṣé òun náà ló wà ní ìhòòhò yẹn? Nínú òtútù Èrèlé? Wọ súwẹ́tà rẹ̀ fún un, jàre."