HCl tó ń pòòyì àti He⁺ ní 1 K

Iṣẹ́ òní dá lórí bí He⁺, ìyẹn átọ́ọ̀mù helium tó ti sọ elekitírọ́ọ̀nù kan nù, ṣe ń rí mólékù HCl mú nínú òtútù tó sún mọ́ òdo pátápátá (K ni ìwọ̀n kelvin). Ìlànà Langevin ti 1905 la kọ́kọ́ ń mú: agbára fífà náà ń lọ bíi 1/r⁴, níbi tí r ti jẹ́ àlàfo àárín àwọn méjèèjì, ìyára ìkọlù kò sì mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru. Pẹ̀lú α, ìyẹn bí iná He⁺ ṣe lè fa elekitírọ́ọ̀nù HCl sápá kan tó, bíi 2.6 Å³, 2.0 × 10⁻⁹ cm³/s ló ń jáde. Ó kù díẹ̀ káàtó, torí kò ka dipole HCl sí, ìyẹn bí iná rere àti iná òdì ṣe yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ (μ), 1.11 D. Fọ́múlà Su àti Chesnavich (1982) kà á: 1.4 × 10⁻⁸ ní 10 K, 4.0 × 10⁻⁸ ní 1 K.

Ti 1 K yẹn ni kò ṣeé gbà. Inú ipa ọ̀nà tí wọ́n ṣírò láìlo kúáńtọ̀mù ni fọ́múlà náà ti wá, níbi tí mólékù tí kò pòòyì á ti kọ Cl rẹ̀ sí He⁺ láti òkèèrè, lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú kúáńtọ̀mù, j ni nọ́ńbà tó ń sọ bí mólékù ṣe ń pòòyì tó; j = 0, tí kò pòòyì rárá, kò kọjú síbì kankan. Kó tó lè kọjú, àfi kó yá díẹ̀ lára j = 1, tó fi 2B, ìyẹn 20.9 cm⁻¹, ga jù ú lọ ní agbára (B ni ìwọ̀n agbára ìpòòyì HCl). kT, agbára ooru, ní 1 K kò sì ju 0.7 cm⁻¹ lọ. Fífà dipole wá padà di 1/r⁴, bí ẹni pé α ti di α + μ²/3B, bíi 200 Å³. Ìyára tó yẹ kó jáde kò ju bíi 1.7 × 10⁻⁸ lọ.

j = 1 tún ní tirẹ̀: m ló ń sọ apá tí ìpòòyì rẹ̀ kọ sí ní ìfiwéra pẹ̀lú ìlà tó lọ sí He⁺. He⁺ ń fa m = ±1 mọ́ra (α + μ²/10B), ṣùgbọ́n láti òkèèrè ó ń ti m = 0 sẹ́yìn ni (α − μ²/5B). Ní 10 K, bíi 87% HCl ló wà ní j = 0, nítorí náà j = 1 kò fi bẹ́ẹ̀ da nǹkan rú.

Bí a ṣe ń ṣe é: ní r kọ̀ọ̀kan, to mátíríìsì, kí Bj(j+1) wà ní ìlà ìdábùú (diagonal), kí −(qμ/r²), níbi tí q ti jẹ́ iná He⁺, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìsopọ̀ cos θ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (0.577 láàárín j = 0 àti 1). Fi j = 0 dé 15. Wá àwọn agbára (eigenvalue) mátíríìsì náà, fi −q²α/2r⁴ àti agbára ìrìn yíyíká kún un, kí o wá òkè agbára tó dí ọ̀nà fún J kọ̀ọ̀kan (J ni nọ́ńbà ìrìn yíyíká náà). J tí òkè rẹ̀ kò tó agbára tí wọ́n gbé wá ló wọlé. Ní 1 K, òkè tó kẹ́yìn nínú àwọn tó wọlé wà ní nǹkan bíi 64 Å. Ẹni tó bá dá r dúró ní 30 Å kò ní rí i rárá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sì ní ké.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣírò ipa ọ̀nà, kó bẹ̀rẹ̀ láti 200 Å, kí b, ìyẹn bí He⁺ ì bá ti jìn sí HCl tó nígbà tó bá ń kọjá bí wọn kò bá fa ara wọn, kọjá 90 Å dáadáa. Ní 68 m/s, eré wọn ní 1 K, ìrìn yẹn á gba bíi 290 ps. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ 1 fs, ó tó bíi 290,000 ìgbésẹ̀, agbára kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ débi tó sún mọ́ 0.7 cm⁻¹. Dá a dúró ní 10 Å, ó ti kó sọ́wọ́ níbẹ̀. Ibi tó jìn sínú jùyẹn ni agbára ti sábà máa ń yẹ̀.

Ẹgbẹ́ Frédéric Merkt ní ETH Zurich ti wọn He⁺ àti CH₃F ní ìsàlẹ̀ 1 K, ìyára sì ga sókè gidigidi bí òtútù ṣe ń pọ̀. Ẹ má fi èyí bá HCl wí o. CH₃F lè pòòyì yí ara ọ̀pá rẹ̀ ká, nọ́ńbà ìpòòyì yẹn, tí wọ́n ń pè ní K (kì í ṣe K ti kelvin), kì í ṣe òdo nígbà náà, dipole rẹ̀ ò sì nílò láti yá nǹkan kan kó tó kọjú: 1/r² ló ṣì ń fà á.