Ẹ wo yàrá tí wọ́n ti gbà á lálejò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi. Bí ìjọba kan bá fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹni tó sá fún ìjọba mìíràn lọ́lá, ariwo ló máa ń kọ́kọ́ dé etí wa. Ìjọba tí ẹni náà sá fún á ní wọ́n ti tojú bọ ọ̀rọ̀ abẹ́lé àwọn, á ní inú àwọn ará ìlú àwọn bà jẹ́ gidi. Bí ẹ bá ti ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ ti ka gbogbo wọn tán. Ohun tí èmi máa ń wá ni ẹni tó fúnni lẹ́bùn, yàrá tí wọ́n ti pàdé, àti nǹkan tí ẹni tínú ń bí dá dúró lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ Dalai Lama, aṣáájú ẹ̀sìn Búdà ti Tibet, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ṣáínà, ni mo fi kọ́ ọ. Oṣù kẹta ọdún 1959 ló sá kúrò ní Lhasa, olú ìlú Tibet, nígbà tó sì di 1960 ó ti fi Dharamsala ní Íńdíà ṣe ibùjókòó. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1989. Láti 1991 tí Ààrẹ Bush bàbá ti gbà á lálejò, àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà máa ń rí i, àmọ́ ní ìkọ̀kọ̀ ni. Nígbà tó wá di ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2007, Bush ọmọ dúró tì í ní gbangba nínú gbọ̀ngàn Rotunda ní ilé aṣòfin, wọ́n sì gbé Àmì Ẹ̀yẹ Góòlù ilé aṣòfin lé e lọ́wọ́. Ààrẹ tó wà lórí oyè kan kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Àwọn aṣòfin ló ti dìbò fún ẹ̀bùn yẹn láti 2006, nítorí náà ààrẹ lè sọ pé àlejò lòun níbẹ̀, òun kọ́ ni olóde. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ náà, inú ibùgbé rẹ̀ ní White House ni Bush ti bá a sọ̀rọ̀, kò sì sí oníkámẹ́rà kankan níbẹ̀. Ẹnì kan náà ni o, láàárín ọjọ́ méjì, yàrá méjì. Gbọ̀ngàn yẹn wà fún àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn Tibet. Ibùgbé tí kò ní kámẹ́rà, ti Beijing, ìyẹn ìjọba Ṣáínà, ni.

Beijing ò gbà á bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ Kọ́múnístì ń lọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wọn, àwọn aṣáájú kò sì ní fẹ́ káwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí wọn bí ẹni tó gba ìwọ̀sí. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn, Yang Jiechi, ránṣẹ́ pe aṣojú Amẹ́ríkà, ó sì bá a wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Oṣù kẹjọ 2008 ni ìdíje Òlíḿpíìkì Beijing, Bush ti ṣèlérí pé òun á wá, Ṣáínà sì fẹ́ kó wá. Ó lọ lóòótọ́.

Ní oṣù kejì 2010, Obama náà gba Dalai Lama lálejò. Kò mú un wọ Oval Office, ọ́fíìsì tí ààrẹ ti ń gba àwọn olórí ìlú lálejò. Map Room, yàrá mìíràn ní White House, ló ti rí i. Nígbà tí àlejò náà ń jáde, ẹ̀gbẹ́ àpò ìdọ̀tí tí wọ́n kó jọ síta nínú yìnyín ló gbà kọjá, àwọn oníròyìn sì ya fọ́tò rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni pète àpò ìdọ̀tí yẹn. Ti Map Room ni mo mọ̀ pé wọ́n pète, nítorí ibẹ̀ náà ni wọ́n tún lò ní 2011 àti 2014.

Ọ̀rọ̀ Nọ́wè yàtọ̀, mo sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ bí mo bá ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Liu Xiaobo, òǹkọ̀wé tó ń ta ko ìjọba Ṣáínà, tí wọ́n fún ní Nobel fún àlàáfíà ní 2010, kò sá kúrò nílùú, ẹ̀wọ̀n ló wà ní Ṣáínà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ní Nọ́wè ló yàn án fún ẹ̀bùn náà, ìjọba Nọ́wè kò sì lè pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin Nọ́wè ló ń yàn wọ́n, alága wọn nígbà náà, Thorbjørn Jagland, sì ti jẹ olórí ìjọba rí. Beijing ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìgbìmọ̀ náà àti ìjọba. Ìjíròrò àdéhùn òwò dúró, ilẹ̀kùn pa dé mọ́ àwọn mínísítà Nọ́wè. Nígbà tí Dalai Lama dé Oslo ní oṣù karùn-ún 2014, tí ó ń rántí ọdún 25 tó gba ẹ̀bùn tiẹ̀, ìjọba Nọ́wè kò yọjú sí i. Ó di oṣù kejìlá 2016 kí wọ́n tó parí ìjà. Ìkéde tí wọ́n jọ fọwọ́ sí sọ pé Nọ́wè ka ohun tó jẹ Ṣáínà lógún jù sí pàtàkì gidi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Ìkéde ìlàjà ni kí ẹ máa wá, ibẹ̀ ni iye tí wọ́n san wà. Sarkozy, ààrẹ Faransé nígbà náà, bá Dalai Lama pàdé ní Gdańsk ní Póláǹdì ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 2008. Ṣáínà ti sún ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú Yúróòpù síwájú kó tó dọjọ́ náà. Oṣù kẹrin 2009 ni ìwé àjọsọ jáde, Faransé sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò ní ṣètìlẹ́yìn fún òmìnira Tibet lọ́nàkọnà. Ti Jámánì, tí Merkel, olórí ìjọba wọn nígbà náà, gbà á lálejò ní oṣù kẹsàn-án 2007, oṣù bíi mélòó kan ló gbà kí ìjà tó parí. Ti Mòǹgólíà tó gbà á lálejò ní oṣù kọkànlá 2016 kò tiẹ̀ tó oṣù méjì: Ṣáínà dá ìjíròrò owó yíyá dúró, ó fi owó kún ẹrù tó ń gba ẹnubodè, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Mòǹgólíà sì sọ pé ìjọba àwọn kò ní pè é mọ́. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń gba ẹnubodè rẹ kọjá, ṣé ó lè bá ọ jà pẹ́?

Mo fi ti Rebiya Kadeer, obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Uyghur, ẹ̀yà kan ní Ṣáínà, sí ìkẹyìn, nítorí òun la sábà máa ń gbójú fò. Ẹ̀wọ̀n ló wà ní Ṣáínà nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rafto ti Nọ́wè, ẹ̀bùn fún àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní 2004. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2005, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹrin 2007, wọ́n ti rán ọmọkùnrin rẹ̀ méjì lọ sẹ́wọ̀n, ti ọ̀kan jẹ́ ọdún méje, ti èkejì ọdún mẹ́sàn-án. Oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni Bush yìn ín ní Prague. Mi ò sọ pé kí wọ́n má yìn ín o. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ béèrè àwọn tó kù nílé kí ẹ tó fi ìròyìn ránṣẹ́, bí ẹ ò bá sì rí ẹni dá yín lóhùn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ béèrè.