Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn bá ti padà sílé

Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ilé kan láàárín àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, pàápàá tó bá jẹ́ ajínigbé ló fà á, ìlú kì í fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Ìjọ á dé, ẹbí á dé, oúnjẹ á kún ilé. Ẹ̀kọ́ tó ga jù tí mo kọ́ ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ilé bá ti dá páropáro, ni wọ́n nílò ènìyàn jù. Ẹ má jùmọ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ pín in: lágbájá ní ọjọ́ Ajé, tàmẹ̀dù ní Ọjọ́bọ̀, títí oṣù mẹ́ta. Kí ẹni tó ń bọ̀ sì ti mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe: pípọn omi, mímú ọmọ lọ sí iléèwé, ebè iṣu tí olóògbé kò kọ tán. Ẹ má kàn sọ pé "ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ pè wá." Wọn kò ní pè yín.

Ẹ yan agbẹnusọ kan nínú ẹbí. Gbogbo àlejò ló máa ń béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, opó á sì máa rọ́ ọ láti àárọ̀ dalẹ́. Agbẹnusọ ni kó máa dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé: bó bá fẹ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹ gbọ́, bí kò bá fẹ́, ẹ má fipá bi í.

Ti àwọn ọmọdé ló ká mi lára jù. Ẹ sọ fún wọn pé bàbá ti kú. Tí ẹ bá ní ó rìnrìn àjò, ọmọ á máa retí rẹ̀, á sì rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́ tí kò fi padà. Tí ẹ bá ní ó ń sùn, oorun á di ohun ìbẹ̀rù fún un. Ọmọ kékeré lè béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìdáhùn kan náà ni kí ẹ máa fún un. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ìjayà ni, ẹ má nà án. Ẹ tètè dá a padà sí iléèwé, kí ẹ sì sọ fún tíṣà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára pín àwọn ọmọ fún ẹbí. Bí ọ̀kan bá lọ sí Kàbà, tí èkejì lọ sí Ìsánlú, tí ẹ̀kẹta lọ sí Èkó, wọ́n tún ti pàdánù ara wọn nìyẹn. Tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn, kí méjì wà pa pọ̀, kí wọ́n sì máa bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ kan pàtó.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ yọ owó iléèwé sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra màlúù ìsìnkú. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ àjọ tó ń ka iye ènìyàn, NPC. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní báńkì gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó súnmọ́ olóògbé kò tipa bẹ́ẹ̀ di ajogún. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gíga ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, ẹ béèrè owó inṣọ́ránsì ẹ̀mí níbi iṣẹ́ rẹ̀: kò gbọdọ̀ dín ní owó oṣù ọdún mẹ́ta. Ẹ má ta ilẹ̀ oko nínú oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó ń kánjú rà á mọ̀ pé ojú yín kò tíì wálẹ̀.

Àìsùn, àlá burúkú, kéèyàn máa ta gìrì tí ọ̀kadà bá dún, gbogbo ìyẹn wọ́pọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má ra Valium, oògùn tó ń múni sùn, ní kẹ́míìsì nítorí rẹ̀. Ó máa ń di bárakú. Tó bá kọjá oṣù kan tí kò rọlẹ̀, tàbí tí ẹni náà kò lè jẹun, ẹ mú un lọ rí dókítà, ní ọsibítù ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí èyí tó bá súnmọ́ yín. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ kó oògùn apakòkòrò oko kúrò nílé, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan lóru.