Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé kátálísì mọ́tò yín o

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní mọ́tò, pàápàá àwa tá à ń wa tòkunbọ̀ l'Ékìtì níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn bá mi lọ, ọ̀rọ̀ yìí ná mi lówó. Kátálísì (catalytic converter) ni àpótí irin tó wà lójú ọ̀nà èéfín lábẹ́ mọ́tò, òun ló ń dín oró inú èéfín kù.

Camry 2005 ni mò ń wà. Nígbà tó yá kò lágbára mọ́, tí n bá ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, tí mo ti kọjá Àràmọ̀kọ tí mo wá kan òkè yẹn, n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, ńṣe láá máa wọ́ bí ẹni ru ẹrù. Mẹkáníìkì kan l'Ádó ní kátálísì ló dí, ká gé e, ká kó inú ẹ̀ dànù, pé àwọn kan ń rà á, wọ́n á tún fún mi lówó. Mo ní ṣé kò ní dá nǹkan sílẹ̀, ó ní "Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é." Mo bá gbà.

Lóòótọ́ mọ́tò kọ́kọ́ sáré. Kò tó oṣù kan, iná check engine, ìyẹn iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnì tó wà níwájú awakọ̀, ò kú mọ́, epo tó ń jẹ ń pọ̀ sí i, ibi tí wẹ́dà jó padà ò dì dáadáa, èéfín wá ń wọlé bá wa, orí ń fọ́ ìyàwó mi ní gbogbo ìgbà tá a bá jọ jáde. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn ò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pààyàn. Kátálísì yẹn gan-an ló yẹ kó pa agbára ẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní California ló là mí lójú. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń yẹ èéfín mọ́tò wò lọ́dọ̀ tiwọn, smog check ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n bá yọjú sábẹ́ mọ́tò tí wọn ò rí kátálísì, mọ́tò yẹn ti fìdí rẹmi nìyẹn, ì báà má rú èéfín kankan. Mo ní ṣé wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ni? Ó ní wọ́n ń yọ mọ́tò onípẹtiróòlù tí wọ́n ṣe ní 1975 sẹ́yìn, èyí tó ń lo iná mànàmáná nìkan, àti tuntun láàárín ọdún 8 àkọ́kọ́, ìyẹn kàn ń sanwó dípò. Bí mẹkáníìkì bá yọ orí bátìrì kí check engine lè kú, ẹ̀rọ wọn á mọ̀, torí kọ̀ǹpútà mọ́tò ò ní tíì parí àyẹ̀wò ara ẹ̀.

Àwa náà lófin o, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ní òfin èéfín mọ́tò láti 2011, ìwé roadworthiness tó ń jẹ́rìí pé mọ́tò yẹ lójú títì náà ń bẹ, ọdọọdún fún mọ́tò ara ẹni, oṣù 6 fún mọ́tò èrò. Ṣùgbọ́n mo ti fowó rán èèyàn gba ìwé yẹn rí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo mọ́tò mi, ó sì ń dùn mí di báyìí.

Nígbà tí mẹkáníìkì mìíì scan mọ́tò mi, ìyẹn ni pé ó fi ẹ̀rọ ka ohun tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń sọ, pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì ló bàjẹ́! Epo tí ò jó tán ló ń lọ jó nínú kátálísì títí tó fi yọ́ tó dí. Ká ní mo ra tuntun láì pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, òun náà á tún lọ. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n scan kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì wo èéfín yín: tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù, tó bá ń ṣe bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, tó bá funfun tí ò dáwọ́ dúró, omi ráyétọ̀ ti ń wọ ẹ́ńjìnì.

Owó tí wọ́n fún mi lórí èyí tí wọ́n gé ò tó ìdajì iye tí mo fi ra òmíì. Sátidé tó kọjá a lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ìyàwó mi sùn títí a fi gun òkè yẹn tán.