Oògùn Aràn Ọkàn tí Mo Yàn fún Tanímọ̀la

Houston, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Tanímọ̀la, ajá wa, jáde lónìí: kò sí aràn ọkàn lára rẹ̀. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a gbà á ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí kò ní olówó, ṣùgbọ́n abo aràn tó ti dàgbà ni àyẹ̀wò náà lè rí, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́fà tàbí méje kí ọmọ aràn tó dàgbà. Nítorí náà ni dókítà ẹranko ṣe ní kí a tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ní báyìí tí ó ti yanjú, a lè yan oògùn tí yóò máa lò títí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn bi mí lórí fóònù pé, “Ṣé ara ajá yín ò yá ni?” Mo ní ara rẹ̀ le, kí wọ́n má mikàn. Wọ́n ní, “Kí wá ni ẹ ń ra oògùn fún sí?” Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ẹ̀fọn ló ń gbé aràn yìí láti ara ajá kan sí òmíràn, inú ọkàn àti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń gbé. Abo rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì lè lo ọdún 5 sí 7 níbẹ̀. Kí ajá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kí ó tó máa rẹ̀ ẹ́, aràn ti gba ilé. Melarsomine, oògùn tí ó ní arsenic nínú, ni wọ́n ń gún sínú ẹran ẹ̀yìn ajá láti pa aràn náà, wọ́n á sì há ajá mọ́ ojú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé bí ó bá sáré, òkú aràn lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. N kò fẹ́ kí Tanímọ̀la rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ní Houston níbí, ẹ̀fọn kì í fi wá sílẹ̀ pátápátá àní nínú oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ ni American Heartworm Society, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aràn ọkàn ní Amẹ́ríkà, sì ń gbà wá níyànjú láti lo oògùn ní gbogbo oṣù 12 tó wà nínú ọdún.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo olówó ajá mọ̀ ni pé oògùn oṣooṣù kì í dínà mọ́ aràn. Ọmọ aràn tí ó ti wọlé láàárín oṣù tí ó kọjá ni ó ń pa. Bí a bá jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀ púpọ̀, ọmọ aràn á dàgbà kọjá èyí tí oògùn náà ká. Ọjọ́ tí a ń lò ó ṣe pàtàkì lójú mi ju orúkọ ara páálí lọ.

Lórí ti orúkọ, inú mi dùn nígbà tí mo rí ivermectin níbẹ̀. Òun kan náà ni Mectizan tí a ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn abúlé etí odò nílé, nítorí àrùn tí eṣinṣin dúdú ń gbé kiri tí ó ń fọ́ni lójú, tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga ènìyàn kí wọ́n tó mọ iye hóró tí wọn yóò fún un. Láti 1987 ni Merck, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti ń fi í ta wá lọ́rẹ. Máíkírógíráàmù 150 fún kílò ara kan ni ti ènìyàn. 6 péré ni ti ajá fún aràn ọkàn. Nítorí náà, mo bẹ àwọn tó ń bu ti màlúù fún ajá pé kí wọ́n jáwọ́: ìwọ̀n yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú wò, àwọn ajá kan, pàápàá ìran Collie, sì wà tí àpọ̀jù rẹ̀ lè ṣe ọpọlọ wọn ní jàǹbá.

Oògùn jíjẹ kan wà tí ó ń pa aràn ọkàn, aràn inú àti eégbọn pọ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kó fún wa pẹ̀lú Tanímọ̀la sọ pé gìrì ti mú un rí, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, sì ti kìlọ̀ ní 2018 pé irú oògùn eégbọn tí ó wà nínú rẹ̀ lè fa gìrì fún àwọn ajá kan. Abẹ́rẹ́ moxidectin, oògùn aràn ọkàn mìíràn, tí ń ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko náà wà. Èyí dára fún ẹni tí ìgbàgbé ń dà láàmú, ṣùgbọ́n bí ara ajá bá kọ̀ ọ́, kò sí bí a ṣe lè fà á jáde mọ́.

Èyí tí a yàn ni ivermectin tí wọ́n pò mọ́ pyrantel, tí yóò máa jẹ lóṣooṣù. Pyrantel ń pa aràn inú tí ń mu ẹ̀jẹ̀, èyí tí ọmọ rẹ̀ lè gba inú iyẹ̀pẹ̀ wọ awọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa tí ń ṣeré láìwọ bàtà. Èyí nìkan ti tó owó rẹ̀ lójú mi. Fún eégbọn, fipronil ni a ó máa kán sí i lẹ́yìn ọrùn lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án kí ó tó gbẹ.

Ọjọ́ kìíní oṣù, tí a máa ń san owó ilé, ni yóò máa jẹ ẹ́. Ọkọ mi yóò fún un, èmi yóò sì máa ṣọ́ ọ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí bí ó bá bì í láìjẹ́ pé a rí i, a ó rò pé a ti fún un, oṣù yẹn á sì lọ lófo.