Òkè tí mo rí lálẹ́ àná

Oorun ò kùn mí lálẹ́ àná, ni mo bá ń wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Ṣáínà lórí fóònù, àfi bí mo ṣe kan òkè kan. Òkè tútù yọ̀yọ̀, kùrukùru bò ó lórí, omi dákẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mo ní háà, èyí mà dáa o! Mo wá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, áà, kì í ṣe koríko ló tutù yẹn o, nẹ́ẹ̀tì ni, nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń fi bo iyẹ̀pẹ̀ àti pàǹtí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé kí eruku má baà gbalẹ̀. Ààtàn ni mo ń pè lókè látẹ̀ẹ̀kan.

Yao Lu ló ṣe é, ará Beijing, fọ́tò ló ń yà tó wá ń fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n pọ̀. Ó gba ẹ̀bùn ní Paris Photo, ìpàtẹ fọ́tò tí wọ́n ń ṣe ní Paris, lọ́dún 2008.

Shanshui ni wọ́n ń pe irú àwòrán àtijọ́ tó fara wé yẹn, òkè àti omi nìtumọ̀ ẹ̀, ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì yà á. Yang Yongliang ní tiẹ̀, Shanghai ni wọ́n bí i sí, ilé gogoro àti kíréènì ló fi ń mọ òkè tiẹ̀, téèyàn bá wò ó lókèèrè á ní igi ló hù sórí òkúta.

Ti Xu Bing, ayàwòrán Ṣáínà mìíràn, ló wọ̀ mí lára jù. Orí gíláàsì ló ń ṣe òkè tiẹ̀ sí, ìlú Berlin ló sì ti kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 2004. Téèyàn bá dúró níwájú gíláàsì yẹn, iná ń tàn látẹ̀yìn, òkè àti igi àtijọ́ lèèyàn á rí, ó pé pérépéré, àmọ́ tó o bá yí lọ sẹ́yìn gíláàsì náà, ewé gbígbẹ ni, bébà tí wọ́n ti rún, pàǹtí lóríṣiríṣi, wọ́n kàn fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Kò sì bo ẹ̀yìn yẹn o, ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i.

Ẹnì kan lè sọ pé wọ́n ń ba iṣẹ́ àwọn àgbà jẹ́, mi ò gbà. Ẹni tí wọ́n bí síbi tí kíréènì pọ̀ ju igi lọ, kí ló fẹ́ yà?

Mo tún padà sídìí òkè àkọ́kọ́ yẹn láàárọ̀ yìí, mi ò fẹ̀ ẹ́ rárá, ó ṣì rẹwà lójú mi bó ṣe rẹwà lánàá, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.